Lẹ́tà Tí Mo Kọ̀ Láti Tẹ̀

Òórùn áńkárá tuntun ni mo fi ń rántí ilé iṣẹ́ náà. Ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n ń to àwọn bélì, ìyẹn ìdì aṣọ ńláńlá tí ọkọ̀ ojú omi kó dé láti òkè òkun sí, àwa akọ̀wé sì wà lókè, nítorí náà bí ooru bá ti mú, òórùn aró àti sítáàṣì a máa gba àárín pákó gòkè wá bá wa. Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì ni ilé náà wà, níbi tí àwọn òyìnbó ń pè ní Marina. Bí mo bá gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, ọ̀sà ni mò ń wò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dé Ìdúmọ̀tà.

Télọ̀ ni bàbá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú tó gbé abẹ́rẹ́ wá sí Èkó, tó ń rán agbádá nínú yàrá kan ṣoṣo tó kọjú sí títì ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, àwọn ará àdúgbò ní kó wá ọkọ fún mi. Ó ní òun ti gbọ́. Ó wá mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọge ní ìtẹ̀wé nínú pálọ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀wé láìwo ọwọ́, mo sì kọ́ ṣọ́tìháǹdì, ìyẹn ìkọ̀wé ìkánjú tí a fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ti ń jáde lẹ́nu. Lójú ẹni tí kò bá kọ́ ọ, kò yàtọ̀ sí ibi tí adìẹ ti tanlẹ̀. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ náà gbà mí, ìyá mi rìn yí gbogbo àdúgbò ká, ó ń sọ pé ọmọ òun ti di akọ̀wé òyìnbó. Ohun tí kò sọ ni pé wọ́n ṣì ń dán mi wò ni, pé oṣù mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó gbà mí tán.

Ọdún tí mo dé ibẹ̀ ni mánijà tuntun kan dé. Òyìnbó gíga kan ni, tí ọrùn rẹ̀ máa ń pọ́n bí ata bí oòrùn bá ti ràn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Àìfarabalẹ̀ ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé yóò ní kí a gbé gbogbo tábìlì sún mọ́ fèrèsé kí a lè ríran dáadáa. Tó bá di Ọjọ́bọ̀ yóò bèèrè pé ta ló gbé tábìlì síbi tí atẹ́gùn yóò ti máa fẹ́ ìwé kiri. A to fáìlì gẹ́gẹ́ bí orúkọ oníbàárà, ó ní ká tò ó gẹ́gẹ́ bí ìlú. A kò tíì tò ó dé ìdajì tó fi ní àwọ̀ ni ká fi pín in, pupa fún òkè ọya, àwọ̀ ewé fún Èkó. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá rí lẹ́tà tó ń wá, Ọlọ́run ló bá a wá a. Ìgbà kan tún wà tó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù máa kọ ohun tó ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. A ṣe é fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo kọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni pé mò ń kọ ohun tí mo ṣe.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí ìdààmú rẹ̀ ti ń wá. Ní àràárọ̀ ni wáyà, ìyẹn tẹligíráàmù, ń dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tirẹ̀ lókè òkun, wáyà òní kì í sì í bá ti àná mu. Ẹ̀rù wọn ń bà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rù tirẹ̀ ṣe ń ba àwa náà.

Ẹni tó gbé ilé iṣẹ́ náà ró ni Akọ̀wé Àgbà. Ọmọ Sàró ni, ará Olówógbowó, ọkùnrin gbọọrọ tó máa ń wọ kọ́là funfun tí sítáàṣì ti mú le, tó ń so tai dúdú bó ti wù kí ooru mú tó. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti lò níbẹ̀, ó ti sin mánijà méje, ó sì ku oṣù márùn-ún kó fẹ̀yìn tì nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àṣà kan wà tí gbogbo wa bá lọ́wọ́ rẹ̀: akọ̀wé kì í bi mánijà pé kí ló wí. Bí mánijà bá ti sọ̀rọ̀, “Yẹ́sà” ni ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn yóò yọ́ lọ sí abẹ́ àtẹ̀gùn, wọn yóò sì jọ gbé e yẹ̀ wò, ohun tó wí àti ohun tó ń rò nígbà tó ń wí i. Bí ẹnu kò bá kò, Akọ̀wé Àgbà ni yóò dájọ́. Yóò ní, “Ohun tó sọ nìyẹn. Ohun tí a ó ṣe nìyí.” Iṣẹ́ sì ń lọ. Ìgbà kan wà tí mo rò ó pé abẹ́ àtẹ̀gùn gan-an ni wọ́n ti ń ṣe mánijà ilé iṣẹ́ yẹn, pé ariwo lásán ni yàrá òkè wà fún.

Èmi náà jẹ gbèsè òmùgọ̀ tèmi níbẹ̀ kí ojú mi tó là. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mánijà pè mí kí n wá gba lẹ́tà sílẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í jókòó bó bá ń sọ lẹ́tà. Á máa rìn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, á máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, á máa bú ooru, á máa bèèrè tíì. Èmi tí wọ́n ti kọ́ pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sílẹ̀, mo gba gbogbo rẹ̀, mo sì tẹ gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ oníbàárà pàtàkì kan ní Ìbàdàn kà báyìí pé: a ti rí ìwé yín gbà, tíì yìí ti tutù, aṣọ yín yóò dé lóṣù tó ń bọ̀, Olúwa mi, irú ooru wo nìyí. Akọ̀wé Àgbà ló kà á kó tó jáde. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, “Mísì, gbogbo ohun tó bá wí ni kó o máa kọ sínú ìwé rẹ. Èyí tó o máa tẹ̀ ni kó o máa ṣà.” Mo fi ìyẹn ṣe òfin. Bó bá wúkọ́ pàápàá, mo ń fi àmì sí i.

Iléyá ọdún náà bọ́ sínú òjò. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ìyá aláṣọ ní Ọjà Balógun ti wá yan áńkárá kan tó ní ẹyẹ ọ̀kín lára, wọ́n sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn oníbàárà wọn. Ogójì bélì rẹ̀ dé nígbà tí ọdún ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mánijà ní kí a kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Kánò. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní kí a fi sílẹ̀, pé àwọn obìnrin Balógun ló ni ín. Ìpàdé abẹ́ àtẹ̀gùn gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àfi bí wáyà kan ṣe dé ní aago méjì. Èmi àti Akọ̀wé Àgbà nìkan ló wà nínú yàrá nígbà tí mánijà kà á, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí ogójì bélì náà bá ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ lọ sí Kánò, kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan. Akọ̀wé Àgbà mí kanlẹ̀. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀. Ó ní, “Yẹ́sà.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn bélì ti gba orí afárá kọjá lọ sí Ìdó.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni àwọn obìnrin dé. Wọ́n á tó ogún, òjò ti pa wọ́n láti Balógun, wọn kò sì bínú bí èmi ti rò pé wọn yóò bínú. Ṣe ni wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀. Ìyá arúgbó kan láti Ìsàlẹ̀ Gángan ló ṣáájú wọn, obìnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ tó ti ènìyàn mẹ́ta.

Ó ní, “Akọ̀wé, ẹ bá mi bi òyìnbó yín. Aṣọ wa dà? Ṣé ìhòòhò ni kí àwọn oníbàárà mi lọ sí yídì ni?”

Mánijà jáde síta. Ó rí àwọn obìnrin náà, ọrùn rẹ̀ pọ́n, ó yíjú sí wa, ó sì fi òyìnbó pariwo pé ta ló kó bélì wọ̀nyẹn lọ sí Kánò, ṣé òun kọ́ lòun ní kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn obìnrin yìí. Títí di òní mo gbà pé ohun tó ń sọ dá a lójú. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ jù lọ́jọ́ náà, ìkan tó wù ú ló rántí. Gbogbo wa wo Akọ̀wé Àgbà. Akọ̀wé Àgbà wo àwọn obìnrin tó wà lórí àtẹ̀gùn, ó gbé ọwọ́ lé tai rẹ̀, ó ní, “Ọwọ́ mi ló ti jáde, sà.”

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé Yorùbá mọ ohun tó ṣe. Bí bàbá bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ níwájú àlejò, ọmọ ilé á ní òun lòun jẹ̀bi. Bí àlejò bá ti lọ, bàbá á pe ọmọ sí kọ̀rọ̀, á tún un ṣe. Akọ̀wé Àgbà gba ìtìjú rù fún ọ̀gá rẹ̀ níwájú ọjà, ó sì jókòó sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n pe òun wọlé. Bóyá àwọn mánijà tó ti sìn ṣáájú ti kọ́ ọgbọ́n yẹn lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí kò tíì kọ́ ọ. Ohun tó gbọ́ ni pé ọkùnrin kan jẹ́wọ́.

Èmi ló pè. Ó ń rìn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ lẹ́tà kan fún mi pé nítorí pé Akọ̀wé Àgbà tàpá sí àṣẹ, ilé iṣẹ́ ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti òpin ọ̀sẹ̀ náà, kò sì ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì. Ó fẹ́ bá a lórí tábìlì rẹ̀ lówùúrọ̀. Mo ní, “Yẹ́sà.” Mo padà sẹ́nu ẹ̀rọ mi, mo fi ìwé méjì àti kábọ̀nù sí i. Mo tẹ ọjọ́, mo tẹ orúkọ ọkùnrin náà, ọwọ́ mi bá dúró. Ẹ má pè é ní ìgboyà, inú ló ń bí mi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó ku oṣù márùn-ún péré, ẹ wá ní kí èmi tí mo dé lánàá fi ìka mẹ́wàá lé e lọ sílé lọ́wọ́ òfìfo. Mo ṣí ìwé ṣọ́tìháǹdì mi sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo bá Akọ̀wé Àgbà lábẹ́ àtẹ̀gùn níbi tó ti ń wá agbòjò rẹ̀.

Mo ní, “Sà, ó wà nínú ìwé mi. Gbogbo ohun tó wí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èmi ló ní kó o máa kọ ọ́.”

“Ṣé kí n lọ kà á fún un, sà?”

“Kó o lọ sọ fún ọ̀gá pé irọ́ ló pa? Rárá o. Kò tíì pè mí ni. Á rántí. Ká fún un láyè.”

Mo ní, “Sà, ó ti ní kí n tẹ lẹ́tà.”

Ó bèèrè pé lẹ́tà ta ni. Ó wo ojú mi, ó sì rí ìdáhùn níbẹ̀. Ó gbára lé ògiri díẹ̀, mo wá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé arúgbó ni. Lẹ́yìn náà ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó ní, “Tẹ̀ ẹ́ kó mọ́. Má ṣe àṣìṣe sí orúkọ mi.” Ó ṣí agbòjò rẹ̀, ó sì bọ́ sínú òjò. Mo sunkún lórí ìrìn láti ibẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, bàtà mi lọ́wọ́ kí omi má bàa bà á jẹ́, nítorí pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ náà títí mo fi sọ tán.

Ó ní, “Ṣé òótọ́ lohun tó o kọ?”

“Òótọ́ ni, Bàbá.”

“Ta ló tún lè kà á yàtọ̀ sí ọ?”

“Kò sí.”

“A jẹ́ pé tó o bá dákẹ́, ìwé náà yadi nìyẹn.”

Ìyá mi ti ń gbọ́ láti inú yàrá. Ó jáde, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní, “Ẹ má tì í o! Oṣù méjì ló kù kí wọ́n gbà á tán. Ṣé ìwọ lo bí Akọ̀wé Àgbà ni? Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.”

Bàbá mi gé òwú. Ó ní, “Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọmọ tèmi ò sì tà á.”

Ní òwúrọ̀, mo wọlé bá mánijà, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ó ní lẹ́tà dà. Mo ní n kò tíì tẹ̀ ẹ́, pé mo fẹ́ ka ohun tó wí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun fún un. Ó ní òun mọ ohun tí òun wí, kí n jáde. N kò jáde. Ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì jù ú padà fún mi. Ó ní ta ló máa mọ̀ bóyá àná ni mo jókòó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Yàtọ̀ sí Akọ̀wé Àgbà tí ẹ̀sùn wà lọ́rùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí sí i fún mi ní gbogbo ilé náà.

N kò tún ní ọgbọ́n mìíràn, mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò sì fo ohunkóhun. Mo ka tíì tó bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ka ooru tó bú. Mo ka ibi tó ti bi ara rẹ̀ bóyá ọkọ̀ ìwé tó dé kó lẹ́tà ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Mo ka àṣẹ òwúrọ̀, mo ka ti ọ̀sán. Ó ń rìn, ṣùgbọ́n kò pariwo mọ́. Mo wá dé ibi tí wáyà ti dé, mo sì ka ohun tó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ kó tó ní kí wọ́n kó bélì lọ, tó rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó ní, “Wọn yóò pè mí padà sílé, kí ni n óò lọ máa ṣe níbẹ̀?” Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ó tó. Ọkùnrin tí kì í jókòó wá wá àga, ó jókòó.

Ó bi mí pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Akọ̀wé Àgbà kò sọ ọ́ lójú gbogbo ayé.

Mo ní, “Nítorí pé àlejò wà níbẹ̀ ni, sà.”

Kò yé e. Mo fi gbogbo òyìnbó tí mo ní ṣàlàyé fún un, kò sì pọ̀. Mo ní ó gba ẹ̀bi náà rù fún yín ni. Mo ní ó ń dúró kí ẹ pè é.

“Ó ń dúró kí n pè é? Láti ìgbà wo?”

“Láti àná, sà.”

Ó ní kí n lọ pè é. Mo pè é, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, n kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí Akọ̀wé Àgbà jáde, ó padà sí àyè rẹ̀, ó ṣí fáìlì kan, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Wáyà lọ sí Kánò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn bélì padà dé nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́fà, àwọn ìyá Balógun sì fi ariwo àti àdúrà kó wọn lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mánijà kò lè wo ojú mi mọ́. Kò bú mi, kò fìyà jẹ mí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọlé pẹ̀lú ìwé ṣọ́tìháǹdì mi, ẹnu rẹ̀ á pa mọ́. Mánijà tí kò lè bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá ara rẹ̀, ayé rẹ̀ ti há. Nígbà tí oṣù mẹ́wàá mi pé, ó ní kí n wá gba lẹ́tà kan sílẹ̀. Orúkọ mi ló kọ́kọ́ dá. Ó ní ilé iṣẹ́ kò ní nílò mi mọ́ láti òpin oṣù, pé òṣìṣẹ́ rere ni mí, pé mo mọ iṣẹ́, pé olóòótọ́ ni mí. Ó rìn dé fèrèsé, ó ní, “Ó sì máa ń gbọ́ ohun gbogbo.” Ó rò ó wò, ó ní kí n yọ ìyẹn kúrò. Mo jókòó sẹ́nu ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀dà méjì, n kò ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ìgbéraga ló ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe èmi.

Ọ̀dọ̀ Akọ̀wé Àgbà ni ẹ̀dà kan ní láti lọ. Ó kà á, ó fi ọwọ́ sí i, ó fi í sínú fáìlì. Gbogbo àwọn tó kù wá kí mi pé mo kú ìrọ́jú, mẹ́séńjà tó ti dàgbà sì gbàdúrà fún mi lórí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n òun tí mo tìtorí rẹ̀ wọ inú yàrá náà kò gbé ojú sókè. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá ṣe ènìyàn lóore lónìí, ilẹ̀ ọ̀la kì í mọ́ kó má wá kí ni. Mo retí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo retí rẹ̀ fún oṣù kan. Ní àràárọ̀ ni ìyá mi ń sọ ọ́ bó bá ń gbálẹ̀: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ ọ́.

N kò jókòó tì í ṣá. Mo mú lẹ́tà òyìnbó náà dání, mo wọ ilé iṣẹ́ kan sí èkejì ní gbogbo Bíródù Sítíríìtì. Wọ́n dá mi padà nílé márùn-ún, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà gbà mí. N kò bẹ̀bẹ̀ níbìkankan. Mo jókòó, mo ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ kíákíá bó ti wù wọ́n, mo sì kà á padà fún wọn.

Oṣù kẹta tí mo kúrò níbẹ̀, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Akọ̀wé Àgbà dúró níwájú ilé wa. Kóòtù dúdú ló wọ̀, èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ọdún, ó dé fìlà òyìnbó, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú gèlè. Irú wọn kì í sábà wá sí àdúgbò wa, àwọn ará ilé kejì àti ilé kẹta sì ti yọjú. Ó ṣí fìlà fún bàbá mi.

Ó ní, “Bàbá, ẹ kú òwúrọ̀. Mo jẹ ọmọ yín ní ọ̀rọ̀ kan láti oṣù márùn-ún. Bí mo bá wá dúpẹ́ nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá mi, ṣe ni mò ń sọ fún aráyé pé ọ̀gá mi purọ́. N kò lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo kàn ń ka ọjọ́ ni. Àná ni mo fẹ̀yìn tì.”

Ó wá yíjú sí mi. Gbogbo àdúgbò ń wò ó. Ó tẹ̀ ba, arúgbó tó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, títí ìka rẹ̀ fi kan ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá mi fò dìde, ó ń pariwo pé ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fọ́mọdé. Akọ̀wé Àgbà ní, “Mísì, ẹ ṣeun.” Ìyá mi tó di ìgbálẹ̀ mú wọ inú ilé lọ, kò sì jáde títí wọ́n fi lọ.

Mo tẹ̀wé fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìyẹn, mo sì sin oríṣiríṣi ọ̀gá, dúdú àti funfun, àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí bóyá mo kábàámọ̀ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi yẹn. N kò kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá tún gbé lẹ́tà náà fún mi lónìí, pẹ̀lú ìka tí àìsàn oríkèé ti ká kò yìí, n kò ní tẹ̀ ẹ́. Ohun tó máa ń dùn mí bí mo bá jókòó lémi nìkan ni pé odidi oṣù mélòó kan ni mo fi pe ọkùnrin yẹn ní ọlọ́ṣà nínú ọkàn mi, nígbà tó jẹ́ pé òun ń ka ọjọ́ kó lè wá.